Iná dé, sáfà ń wọ́: bí ẹ ṣe máa to ọ̀nà láàárín sáfà VMware àti ẹ̀rọ ìpamọ́ dátà

Ìbéèrè kan náà ni ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó yàrá sáfà ní Adó, ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìjerò ń bi mí ṣáá: "Ọ̀gá, iná lọ, a tan jẹnẹrétọ̀, iná dé, gbogbo nǹkan sì tàn padà. Kí ló wá dé tí àwọn VM wa (kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú sáfà) ń wọ́ tuurutu láti ìgbà yẹn?"

Lọ́pọ̀ ìgbà, dísíkì kò bàjẹ́, sáfà kò sì ṣe nǹkan kan. Ọ̀nà tí dátà ń gbà láti ara sáfà dé ẹ̀rọ ìpamọ́ ló ti yà síbi tí kò yẹ, tí kò sì padà. Ó sì lè jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀ ni ọ̀nà kan ṣoṣo ti ń ru ẹrù tó yẹ kí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́rin pín, tí ẹnikẹ́ni kò fura.

VMware ESXi 6.7, 7 àti 8, ìyẹn ètò tó ń gbé ọ̀pọ̀ VM sórí sáfà kan, ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún, èyí tí wọ́n fi Fibre Channel (wáyà àti súìṣì tirẹ̀ lọ́tọ̀) tàbí iSCSI (orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásán) so mọ́ ẹ̀rọ ìpamọ́ tó ní kọ̀ǹtírólà méjì, ìyẹn ọpọlọ méjì tó ń darí rẹ̀. Abala kan wà nísàlẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ti kó lọ sí Proxmox, ètò mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ bíi ti ESXi, torí láti ìgbà tí Broadcom ti ra VMware lọ́dún 2023 tí ètò owó láíṣẹ́ńsì sì ti yí padà, ẹ ti pọ̀ díẹ̀. Tó bá jẹ́ NFS (pípín fáìlì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ni datastore yín, ìyẹn ibi tí ẹ ń kó VM pamọ́ sí, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu: ìlànà ọ̀nà tí a fẹ́ sọ yìí kò kan NFS rárá.

## Ohun tí ẹ máa mọ̀ ná

Ká ní sáfà yín ní káàdì HBA méjì (káàdì tó ń so sáfà mọ́ ẹ̀rọ ìpamọ́), súìṣì méjì wà láàárín, ẹ̀rọ ìpamọ́ sì ní kọ̀ǹtírólà A àti B, tí wáyà kan ti ara kọ̀ǹtírólà kọ̀ọ̀kan lọ sí súìṣì kọ̀ọ̀kan. HBA kọ̀ọ̀kan á rí kọ̀ǹtírólà méjèèjì. Méjì lọ́nà méjì, ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn fún LUN kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìpín dísíkì tí ẹ̀rọ ìpamọ́ yà sọ́tọ̀ fún sáfà.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò dọ́gba o. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìpamọ́ tó wà lọ́wọ́ wa, pàápàá àwọn tòkunbọ̀ tí a rà ní Computer Village ní Ìkẹjà, kọ̀ǹtírólà kan ló máa ń ni LUN kan. Ọ̀nà tó lọ tààrà sí kọ̀ǹtírólà tó ni LUN náà ni ESXi ń pè ní active. Èyí tó ní láti gba ọwọ́ kọ̀ǹtírólà kejì kọjá ló ń pè ní active unoptimized. Ẹni tó ń ti Adó lọ Àkúrẹ́ lè gba Ìkẹ́rẹ́ tààrà. Ó sì lè gba Ìláwẹ̀ àti Igbárá-Odò, kó wá já sí Igbárá-Òkè. Àkúrẹ́ náà ló máa dé, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa ń gba ìkejì lójoojúmọ́ nígbà tí tàkọ́kọ́ bá ṣeé gbà. ALUA ni wọ́n ń pe ètò tí ẹ̀rọ ìpamọ́ fi ń sọ fún sáfà pé eléyìí ni ọ̀nà tààrà, ìyẹn ni àyíká.

Nínú ESXi, iṣẹ́ yìí pín sọ́wọ́ méjì. SATP ló mọ irú ẹ̀rọ ìpamọ́ tó wà lódìkejì. PSP ló ń yan ọ̀nà. PSP mẹ́ta ló wà:

- VMW_PSP_FIXED: ọ̀nà kan pàtó ló ń lò. Bí ó bá kú, á yà sí òmíràn. Bí ó bá jí, á padà sórí rẹ̀.
- VMW_PSP_MRU: ọ̀nà tó bá kọ́kọ́ rí tó ṣiṣẹ́ nígbà tí sáfà ń tàn ló ń lò. Bí ó bá kú, á yà. Bí tàkọ́kọ́ bá jí, kò ní torí ìyẹn padà síbẹ̀.
- VMW_PSP_RR, ìyẹn Round Robin: ó ń pín iṣẹ́ yí ká gbogbo ọ̀nà tààrà.

Ẹ tẹjú mọ́ MRU, torí òun ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ìbéèrè yín. Bí kò bá sí òfin pàtó fún irú ẹ̀rọ ìpamọ́ yín, MRU ni ESXi máa fún ẹ̀rọ ALUA àti ẹ̀rọ tí kọ̀ǹtírólà kan ń ṣiṣẹ́ tí èkejì ń dúró. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: iná lọ, UPS tó gbé súìṣì kìíní ti gbó, ó kú kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á. Gbogbo ọ̀nà tó gba súìṣì yẹn kú, àwọn LUN sì yà sí ìhà kejì. Iná dé, súìṣì tàn, ṣùgbọ́n ẹrù kò padà síbi tó wà. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́, ó lè jẹ́ kọ̀ǹtírólà B nìkan ni yóò máa gbé gbogbo LUN kiri títí ẹnìkan á fi wọlé tò ó. Kódà tí iná kò bá lọ rí, sáfà tó ń lo MRU a máa kó gbogbo LUN gba HBA kan náà, torí HBA yẹn ló kọ́kọ́ rí nígbà tó ń tàn.

## Ẹ kó nǹkan wọ̀nyí jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- [ ] Ọ̀rọ̀ aṣínà root àti SSH tó ṣí sílẹ̀ lórí sáfà kọ̀ọ̀kan
- [ ] Ìwé ìtọ́sọ́nà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ìpamọ́ yín kọ fún ESXi. Ti ẹ̀rọ yín gan-an, kì í ṣe ti ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ yín
- [ ] Bákọ́ọ̀pù tí ẹ ti dán wò pé ó ṣeé dá padà
- [ ] Àkókò tí iṣẹ́ kò pọ̀. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ ìdánwò, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ń san owó-oṣù
- [ ] Àwòrán kékeré tó fi hàn pé wáyà wo ló lọ síbo, UPS wo ló sì gbé kí ni

Ẹ má fojú di èyí tó gbẹ̀yìn. Bébà lásán tí ẹ lẹ̀ mọ́ ara ráàkì ti tó.

## Ìgbésẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ

### 1. Ẹ ka ọ̀nà tó wà

Ẹ wọlé sórí sáfà pẹ̀lú SSH, kí ẹ tẹ:

```
esxcli storage core path list | grep -c "State: dead"
```

Òdo ló yẹ kó jáde. Bí nọ́ńbà mìíràn bá jáde, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ lọ wá wáyà, káàdì tàbí súìṣì tó fà á, torí kò sí ìlànà tó lè tún wáyà tó já ṣe. Ẹni tó bá yí ìlànà padà nígbà tí ọ̀nà kan ti kú ń fi èérú bo iná ni.

Ẹ tún ṣírò bí ọ̀nà ṣe yẹ kó pọ̀ tó fún LUN kan, kí ẹ fi wé èyí tó wà. Mẹ́rin ló yẹ, méjì lẹ rí? A jẹ́ pé zone kan (ètò tó ń sọ pọ́ọ̀tù tó lè rí ara wọn) kò pé lórí súìṣì, tàbí pọ́ọ̀tù kan kò sí nínú ẹgbẹ́ tó yẹ lórí ẹ̀rọ ìpamọ́. Ẹ má sì jẹ́ kó pọ̀ jù. ESXi kò gbà ju ọ̀nà 32 lọ fún LUN kan, àpapọ̀ gbogbo ọ̀nà lórí sáfà ESXi 6.7 kò sì gbọdọ̀ ju 4096 lọ. Mẹ́rin sí mẹ́jọ fún LUN kan ti tó fún yàrá sáfà wa.

### 2. Ẹ ka ohun tí ESXi ń sọ

```
esxcli storage nmp device list
```

Fún LUN kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí nǹkan tó jọ báyìí. Mo ti gé díẹ̀ kúrò níbẹ̀:

```
naa.600xxxxxxxxxxxx1
   Storage Array Type: VMW_SATP_ALUA
   Path Selection Policy: VMW_PSP_MRU
   Path Selection Policy Device Config: Current Path=vmhba2:C0:T0:L1
   Working Paths: vmhba2:C0:T0:L1
```

Ìlà kejì sọ pé ESXi mọ̀ pé ẹ̀rọ ALUA ni. Ìlà kẹta sọ pé MRU ló ń yan ọ̀nà. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ tẹjú mọ́: ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Ohun tí vmhba2:C0:T0:L1 sì ń sọ ni pé iṣẹ́ ń gba káàdì vmhba2 jáde, ó ń lọ sí pọ́ọ̀tù T0 lórí ẹ̀rọ ìpamọ́, láti kan LUN tó ní nọ́ńbà 1. Ẹ wò ó lórí gbogbo LUN. Bí vmhba2 bá wà níwájú gbogbo wọn tí vmhba3 kò sí níbì kankan, ẹ ti rí ohun tó ń fa wíwọ́.

Ẹ wá wo irú ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́:

```
esxcli storage nmp path list -d naa.600xxxxxxxxxxxx1
```

Níbi tó ti kọ Group State, ẹ máa rí active, active unoptimized, standby tàbí dead. Fún àpẹẹrẹ wa, méjì ló yẹ kó jẹ́ active, méjì tó kù á jẹ́ active unoptimized.

### 3. Ẹ mọ irú ẹ̀rọ tí ẹ ní

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń sáré kọjá. Ẹnìkan á rí àṣẹ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á lẹ̀ ẹ́ sórí sáfà rẹ̀, láìmọ̀ pé ẹ̀rọ mìíràn pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ fún.

- Kọ̀ǹtírólà méjèèjì dọ́gba fún gbogbo LUN: Round Robin.
- ALUA: Round Robin. Ọ̀nà tààrà nìkan ni yóò máa lò. Àyíká yóò dúró di ìgbà tí kò bá sí tààrà mọ́.
- Ẹ̀rọ àtijọ́ tí kọ̀ǹtírólà kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń dúró, tí kò sì mọ ALUA: ẹ fi í sílẹ̀ lórí MRU, àyàfi tí ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá sọ ohun mìíràn. Ẹ má ṣe fi FIXED sí i láé.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ FIXED ni pé bí sáfà kìíní bá yan kọ̀ǹtírólà A, tí sáfà kejì yan B fún LUN kan náà, àwọn méjèèjì á máa fa LUN náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. A á fà á lọ, B á fà á bọ̀, kò ní sí iṣẹ́ gidi kan tó máa ṣe. Lórí ojú ìṣàkóso ẹ̀rọ ìpamọ́, ẹ máa rí i pé LUN náà ń pààrọ̀ kọ̀ǹtírólà tó ni ín láìdúró.

- NVMe lórí Fibre Channel tàbí TCP: NMP (ètò ọ̀nà inú ESXi tí a ń bá bọ̀) kọ́ ló ń bójú tó o, ètò mìíràn tó ń jẹ́ HPP ni. Àṣẹ tirẹ̀ ni `esxcli storage hpp device list`; ìyókù ìtọ́sọ́nà yìí kò bá a mu.

### 4. Ẹ yí LUN kan ṣoṣo padà wò

Ẹ mú LUN tí iṣẹ́ gidi kò sí lórí rẹ̀:

```
esxcli storage nmp device set --device naa.600xxxxxxxxxxxx1 --psp VMW_PSP_RR
```

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ojú vSphere Client, ẹ mú sáfà, kí ẹ lọ sí Configure, Storage Devices, ẹ mú LUN náà, kí ẹ wá Edit Multipathing nínú Properties. Ojú ẹsẹ̀ ni yóò gbà á. Ẹ kò nílò láti pa VM kankan.

Ẹ tún tẹ àṣẹ ìgbésẹ̀ kejì. Working Paths yẹ kó ti di méjì, vmhba2 àti vmhba3. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, kí ẹ máa wo vmkernel.log nínú /var/log. Bí kò bá sí ariwo tuntun níbẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú.

### 5. Ẹ ṣe é ní òfin, kì í ṣe LUN lẹ́yọ lẹ́yọ

Bí ẹ bá ń yí LUN padà lọ́kọ̀ọ̀kan, LUN tuntun tí ẹ bá dá lọ́la á tún bọ́ sórí MRU, ẹ ó sì ti gbàgbé. Ẹ kọ òfin. Ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹ̀rọ ìpamọ́ ṣe ń pe ara rẹ̀:

```
esxcli storage core device list -d naa.600xxxxxxxxxxxx1
```

Ẹ ṣe àdàkọ Vendor àti Model bó ṣe wà gẹ́lẹ́, lẹ́tà ńlá ní lẹ́tà ńlá. Lẹ́yìn náà:

```
esxcli storage nmp satp rule add -s VMW_SATP_ALUA -V "VENDOR" -M "MODEL" -P VMW_PSP_RR -c tpgs_on -e "Ofin RR wa"
```

Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ wò ó bóyá òfin ti wà tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú `esxcli storage nmp satp rule list`. ESXi ti gbé òfin ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun wá láti ilé.

Nǹkan mẹ́ta nípa òfin yìí:

1. LUN tí sáfà ti mú tẹ́lẹ̀ kò ní tẹ̀ lé e títí sáfà á fi kú tí á sì tún tàn. Ẹ fi vMotion (tó ń gbé VM lọ sórí sáfà mìíràn láìpa á) kó àwọn VM kúrò, ẹ fi sáfà sí maintenance mode, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ tó lọ sórí èkejì.
2. Sáfà kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí gbogbo wọn. Sáfà tuntun tó wọ cluster lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbàgbé, òun náà ló sì máa ń dá yàtọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.
3. Àṣẹ kan wà tó ń yí gbogbo ẹ̀rọ ALUA padà lẹ́ẹ̀kan náà, `esxcli storage nmp satp set --satp VMW_SATP_ALUA --default-psp VMW_PSP_RR`. Ó yá, ó sì dára bó bá jẹ́ irú ẹ̀rọ ìpamọ́ kan ṣoṣo lẹ ní. Bí ẹ bá ní oríṣi méjì, ẹ lo òfin.

Fún àwọn LUN tó ti wà nílẹ̀ lórí sáfà púpọ̀, PowerCLI (àwọn àṣẹ VMware fún PowerShell) á dín iṣẹ́ kù:

```
Get-VMHost | Get-ScsiLun -LunType disk | Where-Object {$_.Vendor -eq "VENDOR" -and $_.MultipathPolicy -ne "RoundRobin"} | Set-ScsiLun -MultipathPolicy RoundRobin
```

Ẹ má yọ ibi tí Vendor wà kúrò. Láìsí i, àṣẹ náà á kan dísíkì inú sáfà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìkìlọ̀: bí VM Windows méjì bá ń pín dísíkì RDM (LUN tí VM ń lò tààrà) lò fún failover cluster, kí ọ̀kan lè gba iṣẹ́ bí èkejì bá kú, ẹ má fi àṣẹ gbogbogbò yìí bò ó. Láti ESXi 5.5 ni Round Robin ti ṣeé lò fún irú èyí, àmọ́ ẹ ka ìwé ẹ̀rọ ìpamọ́ yín ná, kí ẹ sì ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀.

### 6. Ọ̀rọ̀ IOPS: ẹgbẹ̀rún tàbí ọ̀kan?

Bó ṣe wà láti ilé, Round Robin máa fi iṣẹ́ kíkà tàbí kíkọ (I/O) 1000 ránṣẹ́ gba ọ̀nà kan kó tó bọ́ sórí èyí tó kàn. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ oní-flash ní kí ẹ sọ ọ́ di 1, kí ẹrù lè tẹ́jú, kí ọ̀nà tó ń ṣàìsàn sì tètè hàn:

```
esxcli storage nmp psp roundrobin deviceconfig set --type=iops --iops=1 --device=naa.600xxxxxxxxxxxx1
```

Nínú òfin, ẹ fi `-O "iops=1"` kún un.

Èrò tèmi: ẹ má ṣe retí iṣẹ́ ìyanu. Bí ẹ bá kúrò lórí MRU bọ́ sórí Round Robin, ẹ máa rí ìyàtọ̀ gidi. Bí ẹ bá kúrò ní 1000 bọ́ sí 1, ó lè má hàn rárá lórí dísíkì oníyíyí tó ti rẹ̀. Bí ìwé ẹ̀rọ yín bá ní 1, ẹ fi 1 sí i. Bí kò bá sọ nǹkan kan, ẹ fi 1000 sílẹ̀, kí ẹ lọ sinmi. Láti 6.7 Update 1, ẹ tún lè lo `--type=latency`: ESXi fúnra rẹ̀ á máa wọn bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ sí, á sì yẹra fún èyí tó ń fà sẹ́yìn. Mo fẹ́ràn eléyìí fún ibi tí wáyà kò dára tó, bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ yín bá fọwọ́ sí i.

### 7. Ẹ fa wáyà yọ

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fà á yọ. Bí ẹ kò bá dán an wò ní ọ̀sán tí ojú yín là, iná ni yóò bá yín dán an wò ní òru.

1. Ẹ fi VM ìdánwò kan sórí LUN náà, kí ẹ máa ṣe àdàkọ fáìlì ńlá nínú rẹ̀.
2. Ẹ ṣí esxtop, kí ẹ tẹ `d`. Iṣẹ́ yẹ kó máa hàn lórí vmhba2 àti vmhba3, kó sì súnmọ́ra.
3. Ẹ yọ wáyà vmhba2. Àdàkọ lè dá dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà á tẹ̀ síwájú. Iṣẹ́ vmhba2 á di òdo.
4. Ẹ dá wáyà padà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, vmhba2 yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹ tẹ nǹkan kan.
5. Ẹ ṣe bákan náà fún vmhba3, lẹ́yìn náà fún wáyà iná súìṣì kọ̀ọ̀kan.

Bí àdàkọ bá dá dúró ju ìṣẹ́jú kan lọ, ewu wà ńbẹ̀. VMware Tools ń fún Windows ní ìṣẹ́jú-àáyá 60 láti dúró de dísíkì. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àṣìṣe dísíkì. Bí gbogbo ọ̀nà bá sì kú pátá, ESXi á dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 140 kó tó kéde pé àkókò ìdúró ti tán.

## Ẹ̀yin oní-iSCSI, ẹ gbọ́

Wàhálà yín yàtọ̀ díẹ̀. Ìlànà lè dára, kí ọ̀nà má sì tó méjì ní tòótọ́.

- Ẹ dá vmk méjì (ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ESXi fúnra rẹ̀ ń lò). Nínú port group kọ̀ọ̀kan, uplink (pọ́ọ̀tù káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì sáfà) kan ṣoṣo ni kó jẹ́ Active. Ẹ sún èkejì lọ sí Unused. Kì í ṣe Standby. Ibí yìí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù.
- Bí vmk méjèèjì àti pọ́ọ̀tù ẹ̀rọ ìpamọ́ bá wà nínú subnet kan náà, ẹ ṣe port binding, ìyẹn ni kí ẹ so vmk kọ̀ọ̀kan mọ́ iSCSI:

```
esxcli iscsi networkportal add -A vmhba64 -n vmk1
esxcli iscsi networkportal add -A vmhba64 -n vmk2
```

- Bó bá jẹ́ subnet méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má ṣe port binding rárá. Tí ẹ bá ṣe é, rescan (wíwá LUN) á máa pẹ́ gan-an, torí vmk1 á máa wá ibi tí kò lè dé.
- Jumbo frame (pákẹ́ẹ̀tì ńlá): kí MTU, ìyẹn ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì, jẹ́ 9000 lórí vmk, lórí vSwitch, lórí súìṣì àti lórí ẹ̀rọ ìpamọ́. Bí ọ̀kan bá kù, kí ẹ kúkú fi gbogbo rẹ̀ sí 1500. Àdánwò rẹ̀ ni `vmkping -I vmk1 -d -s 8972` pẹ̀lú àdírẹ́sì ẹ̀rọ ìpamọ́. 8972 ni, kì í ṣe 9000, torí byte 28 ti lọ sí orí pákẹ́ẹ̀tì.

## Nígbà tí iná bá lọ tó sì dé

Bí gbogbo nǹkan bá tàn lẹ́ẹ̀kan náà, sáfà lè ti tàn tán kí ẹ̀rọ ìpamọ́ tó jí, á sì rò pé LUN kankan kò sí. Bí wọ́n ṣe máa tàn nìyí:

1. Súìṣì méjèèjì.
2. Ẹ̀rọ ìpamọ́. Ẹ dúró títí kọ̀ǹtírólà méjèèjì á fi sọ pé àwọn ti ṣetán. Ẹ má fi ojú wo iná aláwọ̀ ewé nìkan. Ẹ wọ ojú ìṣàkóso rẹ̀.
3. Sáfà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.
4. VM tó ń ṣe DNS àti Active Directory, lẹ́yìn náà vCenter (ibi tí ẹ ti ń darí gbogbo sáfà ESXi), lẹ́yìn náà ìyókù.

Pípa rẹ̀ ni kí ẹ yí padà: VM, sáfà, ẹ̀rọ ìpamọ́, súìṣì. Nínú BIOS sáfà, ẹ wá ibi tó ti ń sọ ohun tó máa ṣe bí iná bá dé, kí ẹ fi ìdádúró sí i tàbí kí ẹ ní kó dúró títí ẹ ó fi tàn án. Bí sáfà bá ti ṣáájú tàn, kò burú jù:

```
esxcli storage core adapter rescan --all
```

Kí ẹ sì tún ka ọ̀nà tó kú bíi ti ìgbésẹ̀ kìíní. Ẹ sọ ọ́ di àṣà lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí iná bá lọ. Lórí ẹ̀rọ ìpamọ́, ẹ wò ó bóyá LUN kọ̀ọ̀kan ti padà sọ́dọ̀ kọ̀ǹtírólà tó ni ín. Bí kò bá tíì padà, ojú ìṣàkóso rẹ̀ sábà máa ń ní bọ́tìnì tó ń dá wọn padà.

Ẹ jọ̀ọ́, súìṣì méjèèjì kò gbọ́dọ̀ wà lórí UPS kan náà. Mo ti wọ yàrá sáfà tí owó ńlá ti wọlé sórí HBA méjì-méjì, súìṣì méjì, kọ̀ǹtírólà méjì, tí wọ́n wá ki gbogbo rẹ̀ bọ inú ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n kan.

## Ẹ̀yin tí ẹ ti kó lọ sí Proxmox

Linux ló wà nísàlẹ̀ Proxmox, multipath-tools ló sì ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kì í bá Proxmox wá. Ẹ ní láti fi sí i fúnra yín:

```
apt install multipath-tools
```

Nínú `/etc/multipath.conf`, fún ẹ̀rọ ALUA:

```
defaults {
    find_multipaths yes
    user_friendly_names yes
    polling_interval 5
}
devices {
    device {
        vendor "VENDOR"
        product "MODEL"
        path_grouping_policy group_by_prio
        prio alua
        path_selector "service-time 0"
        failback immediate
        no_path_retry 12
    }
}
```

Ìlà `failback immediate` ló ń jẹ́ kí ẹrù padà sí ọ̀nà tààrà bí ó bá ti jí. Ìlà tó tẹ̀ lé e ní kí ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀méjìlá kó tó jọ̀wọ́, ìyẹn bíi ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá kọ `queue` síbẹ̀, tí ẹ̀rọ ìpamọ́ kò sì padà dé, gbogbo nǹkan á kàn rọ̀ síbẹ̀. Ẹ kò ní lè pa sáfà náà bó ṣe yẹ.

Ẹ wá tẹ `systemctl restart multipathd`, lẹ́yìn náà `multipath -ll`. Ẹ máa rí ẹgbẹ́ méjì: prio=50 ni ọ̀nà tààrà, prio=10 ni àyíká. Bí ẹgbẹ́ méjì kò bá jáde bẹ́ẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá vendor àti product tí ẹ kọ bá ti ẹ̀rọ mu. Bí LUN kan kò bá hàn rárá, ẹ fi `multipath -a` pẹ̀lú WWID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) rẹ̀ kún un, kí ẹ wá tẹ `multipath -r`.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi níbí: bí ẹ bá fẹ́ dá LVM, `pvcreate /dev/mapper/mpatha` ni, kì í ṣe `/dev/sdb`. Ẹni tó bá fi sdb ṣe é ti so gbogbo VM rẹ̀ mọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo, multipath kò sì ní lè gbà á sílẹ̀.

Fún iSCSI, `node.session.timeo.replacement_timeout` nínú `/etc/iscsi/iscsid.conf` wà ní 120 láti ilé. Ẹ sọ ọ́ di 15 kí ọ̀nà tó kú lè tètè di mímọ̀. Èyí kò ní kan àwọn tí ẹ ti discover tẹ́lẹ̀. Ẹ fi `iscsiadm -m node -o update` yí tiwọn padà.

Ti Hyper-V, ètò VM ti Microsoft, kò gùn: ẹ fi Multipath-IO sí Windows Server, ẹ lo `Enable-MSDSMAutomaticClaim -BusType iSCSI` bó bá jẹ́ iSCSI, kí ẹ fi `mpclaim -s -d` wo ìlànà tó wà lórí dísíkì kọ̀ọ̀kan. Fún ẹ̀rọ ALUA, Round Robin with Subset ló yẹ kí ẹ rí.

## Bí ẹ bá fẹ́ yí i padà

LUN kan lórí ESXi:

```
esxcli storage nmp device set --device naa.600xxxxxxxxxxxx1 --default
```

Òfin ní tirẹ̀, ẹ fi `rule remove` rọ́pò `rule add`, kí ẹ sì kọ gbogbo ìyókù bí ẹ ṣe kọ ọ́ nígbà tí ẹ dá a. Bí ohun kan bá yàtọ̀, ESXi á ní òun kò rí irú òfin bẹ́ẹ̀. Torí náà, ọjọ́ tí ẹ bá kọ òfin ni kí ẹ ti lẹ àṣẹ náà sínú fáìlì kan, pẹ̀lú déètì àti orúkọ sáfà tí ẹ fi í sí.